Omi Kẹ́ẹ̀gì Láti Ìkòròdú

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni wọ́n pè mí ní òpùrọ́, nínú ọ́fíìsì kan tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí iṣẹ́ ìwádìí mi kò fi ẹnu wọn pe ọ̀rọ̀ náà o. Wọ́n kàn fi ìka kan ti ìwé mi padà sọ́dọ̀ mi lórí tábìlì ni, wọ́n ní, "Ṣé ó dá ọ lójú pé o ṣe iṣẹ́ yìí lóòótọ́?" Èmi tí mo ti lo ọdún mẹ́ta lórí rẹ̀! Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, àárín àwọn obìnrin tó ń ta ẹja ni mo dàgbà sí, mo sì mọ ìgbà tí ènìyàn bá ń búni láì là á mọ́lẹ̀.

Mo fẹ́ dá a lóhùn. Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ló mọ̀ pé ẹnu mi kì í dùn mí láti sọ̀rọ̀. Àmọ́ omijé ló kọ́kọ́ jáde, ìyẹn gan-an ló sì bí mi nínú jù. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní àwọn fún mi di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí n wá ṣe iṣẹ́ náà lójú àwọn àti àwọn olùkọ́ méjì mìíràn. Bí ó bá jáde, ó dára. Bí kò bá jáde, àwọn yóò kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pé èsì tí mo mú wá kò ṣeé gbà gbọ́. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: wọ́n á lé mi, orúkọ mi á sì bàjẹ́ káàkiri ibi tí wọ́n bá ti ń ṣe kẹ́mísírì nílẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń ṣe, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín. Ṣé ẹ rántí òògùn aràn tí ìyá yín fún yín mu ní kékeré, tí ẹ ń sá kiri ilé nítorí rẹ̀? Nínú òògùn yẹn, àwọn átọ́ọ̀mù kan di ara wọn lọ́wọ́ mú yíká, bí ọmọdé ṣe ń ṣe níbi eré. Márùn-ún ni wọ́n, méjì nínú wọn sì jẹ́ náítírójìn. Irú òrùka bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ mi. N ó da èròjà méjì sínú ìgò. Ọ̀kan rí bí ìyẹ̀fun, èkejì ń ta sánsán bíi kéèkì. N ó fi ọtí líle àti omi pò wọ́n, n ó gbé e ka iná. Àmọ́ tí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wíwo ni wọ́n á kàn máa wo ara wọn. Alárinà gbọ́dọ̀ wà. Irin ni alárinà wọn: òun ni yóò fa ọwọ́ tọ̀hún lé ọwọ́ tibí, tí òun fúnra rẹ̀ yóò sì bọ́ sẹ́yìn láì pàdánù ohunkóhun.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti bá mi yan alárinà látìbẹ̀rẹ̀. Paládíọ́mù ni, irin olówó gọbọi tó wá láti òkè òkun nínú ìgò tí kò tó àtàǹpàkò mi. Orí paládíọ́mù yìí ni àwọn fúnra wọn ti di olókìkí. Bí mo bá fẹ́ ṣí ìgò náà, n kì í mí.

Ní láàbù wa tó wà ní Ìkòròdú, ó ṣiṣẹ́. Ó mà ṣiṣẹ́ o! Ìgbà àkọ́kọ́ tí òrùka náà jáde, tó bọ́ sílẹ̀ nínú ìgò, tó funfun, tó ń dán, ijó ni mo bẹ́ sí. Mo jó yí tábìlì ká. Ẹni tó wà níbẹ̀ tó rí mi ni bàbá tó ń tọ́jú láàbù náà, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Láàbù. Ará Ọ̀ṣun ni wọ́n, ilé àyágbé ni wọ́n ń gbé ní Ìkòròdú láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, má fọ́ ìgò mọ́ mi lọ́wọ́ o." Ìyàwó mi ni wọ́n máa ń pè mí. Èmi náà ń pè wọ́n ní ọkọ mi tí inú mi bá dùn, mo sì ń pè wọ́n ní Bàbá tí inú bá ń bí mi. Bàbá pọ̀ ju ọkọ mi lọ, kí n má parọ́.

Iṣẹ́ Bàbá Láàbù ni láti máa pọn omi sí kẹ́ẹ̀gì búlúù ńlá kan láràárọ̀. Wọ́n ti fi máákà kọ "dísítíìlì" sí i lára, ìyẹn omi tí ẹ̀rọ sè títí tó di ooru, tó tún wá di omi padà, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́ àfi omi. Inú kẹ́ẹ̀gì yẹn ni mo ti ń bu omi fún gbogbo iṣẹ́ mi. Mo rántí pé mo jágbe mọ́ wọn lọ́jọ́ kan. "Bàbá, kí ni nǹkan funfun tó wà nísàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì yìí?" Wọ́n ní, "Omi mímọ́ ni. Má bá mi jà láàárọ̀, ìyàwó mi." Mo pòṣé, mo bu omi mi, mo lọ.

Lẹ́yìn náà ni ilé-ìwé wa kọ́ láàbù tuntun sí Ẹ̀pẹ́. Mo yọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀, nítorí ilé ìyá mi kò jìnnà síbẹ̀. Gbogbo nǹkan ibẹ̀ ló ń dán. Ẹ̀rọ tó ń se omi dísítíìlì jókòó sí kọ̀rọ̀ bí ọba, omi tó ń tú jáde níbẹ̀ sì mọ́ gaara. Mo to ìgò mi. Mo wọn èròjà mi. Mo fi paládíọ́mù sí i. Mo gbé e ka iná.

Kò jáde.

Mo tún un ṣe. Kò jáde. Mo ní bóyá iná ìjọba ló ń lọ tó ń bọ̀, mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Kò jáde. Mo ra èròjà tuntun. Mo fọ ìgò lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fi kún paládíọ́mù. Mo gbàdúrà sí i, mo bú u, mo tún bẹ̀ ẹ́. Oṣù méjì! Àwọn èròjà méjì yẹn kàn ń wo ara wọn nínú ìgò bí ẹni tí wọn kò fi ojú mọ ara wọn rí. Ìyẹn ló gbé mi dé ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn.

Mo fi ẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ lọ bá ìyá mi ní ìsọ̀ rẹ̀ nínú ọjà ẹja. Ó ti rí ojú mi kí n tó dé. Mo ní, "Màmá, wọ́n ní mo purọ́."

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ṣé o purọ́?"

"Rárá, mà."

"Ó parí nìyẹn. Bọ́ bàtà yẹn kí o wá bá mi fọ ẹja."

Bí ó ṣe rí nìyẹn pẹ̀lú ìyá mi. Inú bí mi sí òun náà. Mo fẹ́ kó gbá mi mọ́ra, kó bá mi ṣépè fún wọn díẹ̀. Ó da ẹja àrọ̀ kún bàsíà kan fún mi. Ẹnikẹ́ni tó bá ti di àrọ̀ mú rí mọ bó ṣe ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹni. Álọ́ọ̀mù la fi ń fọ̀ ọ́, òkúta funfun tó dà bíi súgà tó dì, tí ìyá mi máa ń tọ́jú sínú agolo mílíìkì. Ẹ fi pa á lára, ẹ fi omi ṣàn án, yíyọ̀ náà á tán. Mo ń fi pa á lára, mo ń sunkún, mo ń kùn.

Omi tán. Ìyá mi pọn òmíràn wá láti inú kànga, ó dọ̀tí nítorí òjò tó rọ̀ lánàá. Ó mú òkúta álọ́ọ̀mù kan, ó fi yí inú garawa náà po lẹ́ẹ̀melòó kan, ó sì fi í sílẹ̀. Mo ti rí i tó ṣe bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà láti kékeré. Mo ń wò ó láìwò ó. Ẹrẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, omi òkè ń mọ́, nísàlẹ̀ garawa ni nǹkan kan wá ṣù jọ bí òwú, àárín rẹ̀ funfun.

Ẹja bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mo ti rí nǹkan funfun yẹn rí. Mo ti jágbe mọ́ arúgbó nítorí rẹ̀. Mo ní, "Kẹ́ẹ̀gì!" Ìyá mi ní, "Kẹ́ẹ̀gì wo?" Mo dìde pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún yíyọ̀ ẹja, mo ń rìn lọ mo ń rìn bọ̀ láàárín ìsọ̀. Kí ló wà nínú álọ́ọ̀mù? Álúmínọ́ọ̀mù ni! Irin ni! Ọmọ kẹ́mísírì tó ti lo ọdún mẹ́ta, tó ti kàwé títí ojú rẹ̀ fi ń dùn ún, kò rántí ohun tó wà nínú agolo mílíìkì ìyá rẹ̀. Mo gbá orí ara mi. Obìnrin tó wà ní ìsọ̀ kejì béèrè lọ́wọ́ ìyá mi bóyá ara mi yá. Ìyá mi ní kó má dá mi lóhùn, pé ìwé ló ń ṣe mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkòròdú. Láti Agbowá ni mo ti ń tò ó lẹ́nu bí n ó ṣe béèrè. N ò ní jágbe. N ó kí wọn dáadáa, n ó bi wọ́n nípa àwọn ọmọ. Nígbà tí mo dé, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ sà," ohun tó sì tẹ̀ lé e lẹ́nu mi ni, "Bàbá, kí lẹ máa ń fi sínú omi?"

Wọ́n ní, "Omi wo?"

"Omi kẹ́ẹ̀gì."

"Omi dísítíìlì ni. Ìwọ náà kàwé, o rí ohun tí wọ́n kọ sí i lára."

Mo wò wọ́n. Wọ́n wo ilẹ̀. Mo sọ fún wọn pé Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ní mo purọ́, pé ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa lé mi. Bàbá jókòó lórí àga kékeré wọn, wọ́n bọ́ fìlà. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń se omi ti kú kí n tó dé láàbù náà rárá. Wọ́n kọ̀wé sí ilé-ìwé pé kí wọ́n tún un ṣe, wọn ò rí ẹni dá wọn lóhùn. Omi bóhòòlù tó kù pupa bí omi irin tó dípẹtà. Kí ni kí wọ́n fún àwọn ọmọ? Wọ́n ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé: wọ́n ju álọ́ọ̀mù sí i. Ọwọ́ wọn sì wúwo, ẹ̀kúnwọ́ kan, nígbà mìíràn méjì. Ọdún gbọọrọ ni wọ́n fi ṣe é. "Ó mọ́, àbí kò mọ́?" ni wọ́n bi mí.

"Ó mọ́, sà."

"Oṣù mẹ́rin ló kù kí n fẹ̀yìn tì. Bí o bá sọ ọ́, wọ́n á ní mo ti ń tan àwọn ọmọ olọ́mọ jẹ. Wọ́n á mú un mọ́ mi lára, wọn ò ní jẹ́ kí n lọ ní wọ́ọ́rọ́wọ́." Wọ́n bu omi náà kún kẹ́ẹ̀gì kékeré kan fún mi, wọ́n fi ọ̀rá dè é lẹ́nu, mo sì gbé e lé itan mi nínú ọkọ̀ títí dé Ẹ̀pẹ́.

Lọ́jọ́bọ̀, mo to ìgò. Mo ṣe ohun kan tó yẹ kí n ti ṣe láti ọdún àkọ́kọ́, tí mo fò nítorí mo rò pé ó máa fi àkókò mi ṣòfò: mo ṣe ìgò kan láìfi paládíọ́mù sí i rárá. Omi Ìkòròdú nìkan. Mo jókòó tì í bí adìyẹ tó sàba. Nígbà tó di ọ̀sán, mo gbé ìgò náà kúrò lórí iná, mo gbé e sínú omi yìnyín, mo sì rí i tí nǹkan funfun bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sílẹ̀ bí òjò iyọ̀.

Háà! Mo pariwo. Lẹ́yìn náà ni ojú tì mí, ojú tì mí gan-an. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń yin alárinà tí kò dé ibi ìgbéyàwó rí. Bẹ́ẹ̀ ni álọ́ọ̀mù ń ṣe gbogbo iṣẹ́ nísàlẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò kí i.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló kù. Mo lè sọ pé èmi ni mo dédé ronú kan álọ́ọ̀mù. Ó rọrùn. Àmọ́ wọ́n á béèrè pé kí ló dé tó fi ṣiṣẹ́ ní Ìkòròdú nígbà yẹn, n ó sì níláti wá irọ́ kan pa. Wọ́n á wá rí òpùrọ́ tí wọ́n ń wá. Mo gbé e yẹ̀wò títí di ọjọ́ Ajé, mo wá pe Bàbá Láàbù lórí fóònù. Mo ní, "Bàbá, mo nífẹ̀ẹ́ yín, àmọ́ bí wọ́n bá bi mí, n ò ní lè parọ́. Ẹ má bínú." Fóònù kú. N ò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Ọ̀jọ̀gbọ́n wọlé pẹ̀lú àwọn olùkọ́ méjì, wọ́n jókòó. Mo kí wọn, mo gbé ìgò mẹ́rin kalẹ̀. Mo ṣàlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́, omi dísítíìlì àti paládíọ́mù. Ìkejì, omi Ìkòròdú àti paládíọ́mù. Ìkẹta, omi Ìkòròdú, láìsí paládíọ́mù. Ìkẹrin, omi dísítíìlì àti álọ́ọ̀mù láti inú agolo ìyá mi. Nígbà tí mo sọ ti ìkẹrin, olùkọ́ kan fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Mo wò ó, ó dákẹ́.

Mo gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ka iná fún wákàtí mẹ́ta. Nígbà tó tó, mo kán díẹ̀díẹ̀ láti inú ìgò kọ̀ọ̀kan sórí pátákó pélébé kan tó kéré bí ìka. Òògùn kan máa ń gun pátákó yẹn bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà. Tí òrùka bá ti wà níbẹ̀, àmì kan yóò hàn lábẹ́ iná aláwọ̀ àlùkò. Mo tan iná náà. Mo ní kí Ọ̀jọ̀gbọ́n wá wò ó fúnra wọn.

Ìgò àkọ́kọ́, kò sí nǹkan kan. Ìkejì, àmì wà. Ìkẹta, àmì wà, ó dúdú kirikiri. Ìkẹrin, èyí tó jẹ́ ti ìyá mi, òun ló hàn jù nínú gbogbo wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ awò ojú, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò ó. Mo gbé orí mi sókè. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Kí ló wà nínú omi Ìkòròdú?"

Mo la ẹnu.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Bàbá Láàbù ló wọlé, nínú kóòtù funfun tí wọ́n ti lọ̀ tí etí rẹ̀ lè pọ́nkán, kẹ́ẹ̀gì búlúù ńlá náà wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbé e láti Ìkòròdú! Wọ́n gbé e sílẹ̀ níwájú Ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n ní, "Álọ́ọ̀mù ni, sà. Èmi ni mo fi sí i. Ọmọ yìí kò mọ̀." Lẹ́yìn náà wọ́n yọ ìwé mẹ́ta tí wọ́n ká sínú àpò. Ẹ̀dà àwọn ìwé tí wọ́n kọ nípa ẹ̀rọ tó kú ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n ka èkínní, wọ́n ka èkejì, wọ́n wá dúró pẹ́ lórí ìkẹta. Láti ibi tí mo dúró sí, mo rí ohun tí wọ́n ń wò nísàlẹ̀ ìwé náà. Ọwọ́ ìkọ̀wé Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra wọn ni. Àwọn ni olórí ẹ̀ka wa nígbà náà, àwọn ni wọ́n sì fi ọwọ́ sí i pé ìwé ti dé ọwọ́ àwọn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ká ìwé náà. Wọ́n ní kí n gbé álọ́ọ̀mù náà wá. Wọ́n yí i lọ́wọ́, wọ́n gbé e mọ́ àgbọ̀n wọn láìmọ̀, bí àwọn ọkùnrin ṣe ń ṣe tí wọ́n bá fá irùngbọ̀n tán. Wọ́n ní, "Èyí tó wà nínú ilé ìwẹ̀ mi láti ọjọ́ yìí?" Àwọn olùkọ́ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, omijé ti kún ojú mi.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tí n kò gbọ́ kí wọ́n bẹ ẹnikẹ́ni rí dìde, wọ́n kọjú sí Bàbá Láàbù, wọ́n tẹ orí ba. "Ẹ má bínú sí mi. Ẹ ti kọ̀wé, èmi ni n kò ṣe nǹkan kan." Wọ́n kọjú sí mi. "Ìwọ náà má bínú. O ò purọ́. Iṣẹ́ rẹ yọrí, ó sì dára ju èyí tí mo ní kí o ṣe lọ." Lójú gbogbo wọn ni o! Bàbá Láàbù ní, "Ìyàwó mi, wá gbé kẹ́ẹ̀gì yìí, ó wúwo." Mo gbé e mọ́ra bí ọmọ ọwọ́.

Mo bọ́ síta láti pe ìyá mi. Obìnrin ìsọ̀ kejì ló gbé fóònù. Ó ní ìyá mi kò tíì fọ́wọ́ kan ẹja kan láti àárọ̀, pé orí àpótí ló jókòó sí, tó gbé fóònù lé itan, àmọ́ tí kò lè gbé e nígbà tó dún. Ó ní, "Kí ni kí n sọ fún un?"

Mo ní, "Ẹ sọ fún màmá mi pé wọ́n ti ní n ò purọ́."

Mo gbọ́ tó sọ ọ́. Mo wá gbọ́ ẹkún ìyá mi, ìyá kan náà tó ní "Ó parí nìyẹn," tó ní kí n bọ́ bàtà wá fọ ẹja. Ó sunkún títí, ó fọn imú, ó gba fóònù náà.

Ó ní, "Èmi ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí àwọn náà mọ̀ ni."